Ẹ Jẹ́ Ká Pín Oorun Bí A Ṣe Ń Pín Ẹran Ọdún

Ọyẹ́ ti dé sí Minna. Ètè ti ń bẹ́, ẹsẹ̀ ti funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun, eruku sì ti bo gbogbo Soje níbí. Ìdánwò kù díẹ̀ kó parí, olúkúlùkù ti ń ka ọjọ́ tó kù. Ìwé ìròyìn yìí la máa kà gbẹ̀yìn kí a tó lọ sílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá.

Ọ̀rọ̀ oorun ni. Mi ò sọ oòrùn tó ń ràn lójú sánmà o, mi ò sì sọ òórùn ọbẹ̀. Oorun tí à ń sùn ni. (Ẹ̀yin tó ń ráhùn pé àmì ohùn ti pọ̀ jù, ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe níbí yìí.)

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tí èdè wa fún òru ọdún. Àìsùn. Àìsùn Kérésì, àìsùn ìgbéyàwó, àìsùn òkú àgbà. A ò pè é ní òru orin, a ò pè é ní òru ijó, bẹ́ẹ̀ a máa ń kọrin, a máa ń jó. Oorun tí a fi sílẹ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ. Lójú tèmi, àwọn tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan gidi làwọn ń fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbààwẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ lòun yàgò fún, ó sì mọ aago tóun máa ṣínu. Àìsùn tiwa yìí ńkọ́? Ìgbà wo la máa ń ṣínu rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mi ò ta ko àìsùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń bá jà ni pé kò kárí. Àwọn kan ló ń ṣe àìsùn fún gbogbo ilé, àwọn yòókù a sùn lé e lórí.

Ilé kan wà tí mo mọ̀ dáadáa torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, ní Tunga níbí ní Minna. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú hósítẹ́ẹ̀lì, ńṣe làwọn ọ̀rẹ́ mi ń pariwo pé ilé àwọn ni mò ń sọ. Tó bá ti di ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, ìyá àti àwọn ọmọbìnrin á ti gba ọjà Kure lọ. Wọ́n á ra tòmátò, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, wọ́n á tò síwájú ẹ̀rọ ìlọta títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ní ọjọ́ kejì, adìyẹ pípa, ìyẹ́ títu, ẹran bíbọ̀, ṣinṣín dídín. Aago mẹ́wàá alẹ́, gbogbo ilé á wẹ̀, wọ́n á wọṣọ, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Aago kan òru, wọ́n á padà dé.

Ibí yìí ni kí ẹ ti wá ṣàkíyèsí. Bàbá á wọlé lọ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á wọlé lọ sùn. Àwọn àlejò tó wá láti Kaduna á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi, torí pé àlejò ni wọ́n, ìyẹn ò burú. Màmá mi á wá ṣí ìkòkò, á ní, “Ẹran yìí máa bà jẹ́ o, tí a ò bá dín in mọ́jú.” Iná ti lọ, fíríìjì ti yọ́. Bẹ́ẹ̀ la máa dúró ti epo gbígbóná, èmi, àbúrò mi obìnrin àti màmá, títí aago mẹ́ta. Ní aago márùn-ún, ohùn kan náà á tún dún pé, “Ẹ dìde o, ilẹ̀ ti ń mọ́, àlejò ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé.” Ta ni ó dìde? Àwa mẹ́ta náà ni. Màmá á dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n mi, á pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gbọ́n ò ní dáhùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Èmi rí i tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ní Kérésì tó kọjá, mo mú ìwé àjákù kan, mo ń kọ wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sùn síbẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìnlélógún títí di ọjọ́ kejì oṣù Kínní. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn dín ní wákàtí mẹ́jọ lálẹ́ kankan, àfi òru ọdún tuntun nìkan. Àbúrò mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, sùn wákàtí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà. Màmá mi ò pé márùn-ún rí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù Kínní tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wa lórí ohun tí kò tó nǹkan, àbúrò mi ti fi omi gbígbóná jó ara rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí pé ó ń tòògbé nídìí iná. Ẹni tó yẹ kí gbogbo wa máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ni gbogbo wa ń sá fún. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa, ẹ má rò pé ti àwa oníKérésì nìkan ni mò ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ìdílé wọn wá láti Ìlọrin sọ fún mi pé nínú oṣù Ramadan, gbogbo ilé ló ń jẹ sààrì, ṣùgbọ́n àwọn kan ló ní láti jí ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú kí sààrì tó délẹ̀. Tó bá di Iléyá, àwọn ọkùnrin á dú àgbò, wọ́n á bó o, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ìfun rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun ti fọ ìfun àgbò títí òun fi sùn lórí ìdúró. Ẹ̀rín pa wá nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, a dákẹ́.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé kó rẹ èèyàn àti kí oorun má tó èèyàn, nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́, o lè jókòó, o lè mu omi tútù, o lè na ẹ̀yìn sórí ẹní fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ara á sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ti ọpọlọ yàtọ̀. Àfi oorun nìkan ló ń bá a tún inú rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí a bá sùn ló ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án sí ipò tí a ti lè rí i mú. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà, American Academy of Sleep Medicine, gbé ìmọ̀ràn jáde pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ọmọ ọdún 6 sí 12, wákàtí 9 sí 12. Ẹ fi ìyẹn wé ìwé àjákù mi. Àbúrò mi yẹn ò rí ju ìdajì lọ, lọ́jọ́ mẹ́wàá gbáko, ní àkókò tí a ní ó wá sinmi nílé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí wa mọ̀. Aago kan wà nínú ara èèyàn tó ń sọ ìgbà tí oorun yóò kùn ún àti ìgbà tí ojú rẹ̀ yóò dá. Ní 2017, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba ẹ̀bùn Nobel torí pé wọ́n ṣàlàyé bí aago yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso ni wọ́n ti rí i. Ní ìgbà ọ̀dọ́, aago yìí máa ń sún síwájú, ìyẹn ni pé oorun kì í tètè kun ọ̀dọ́ lálẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í tètè dá láàárọ̀. Nítorí náà, tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá ń rìn bí ẹni tó mutí ní aago márùn-ún ìdájí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. (Ẹ̀gbọ́n mi á ka ibí yìí, á ní mo ti gbèjà òun. Rárá o. Aago inú ara tèmi náà bá tirẹ̀ dọ́gba.)

Nígbà tí a bá sọ báyìí, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé, “Ṣebí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ọjọ́ mélòó náà ni? Ọ̀dọ́ ni yín, ara yín á gbé e.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọ̀dọ́ kan tí ara rẹ̀ gbé e.

Randy Gardner lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 17 ni, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní San Diego ní Amẹ́ríkà. Nígbà ìsinmi Kérésì ọdún 1963, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń wá iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n máa fi díje nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí àwọn wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí èèyàn ò bá sùn. Ó jí ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, kò sì sùn mọ́ títí di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kínní, 1964. Wákàtí 264. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko. Kò mu kọfí. Dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ nípa oorun ní Yunifásítì Stanford, William Dement, lọ bá wọn níbẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan, ọmọ náà rí àmì ojú títì kan, ó ní èèyàn ni. Inú ń bí i ṣáá. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ní kó máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì máa yọ ọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀: 93, 86, 79, 72, 65. Ó dákẹ́. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ti gbàgbé ohun tó ń ṣe.

Ó sùn wákàtí mẹ́rìnlá àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì dìde. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àgbàlagbà, òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ò rí oorun sùn mọ́ fún ọdún púpọ̀, òun sì rò pé ohun tóun ṣe nígbà náà ló fà á. Bóyá òun ló fà á, bóyá òun kọ́. Mo kàn mọ̀ pé ìwé Guinness ti jáwọ́ nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé Guinness yìí kan náà ló ń kọ orúkọ ẹni tó gun òkè tó ga jù lọ láyé.

Kò sí ẹni tó ń pa ọjọ́ mọ́kànlá mọ́jú nílé wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Gardner ní àwọn ọ̀rẹ́ méjì àti dókítà tó ń ṣọ́ ọ, kò sì gbé ọbẹ, kò dúró nídìí epo gbígbóná. Àbúrò mi ò ní dókítà. Òun àti ìkòkò ni.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ nìyí. Ẹ wo bí a ṣe ń pín ẹran ọdún. Kò sí ilé Yorùbá tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ọdún bí ẹni tó dé ṣáájú. Wọ́n á yọ ti bàbá, wọ́n á yọ ti ìyá àgbà, wọ́n á bu ti àwọn ọmọdé, wọ́n á gbé abọ́ fún aládùúgbò, ìbáà jẹ́ Nupe, ìbáà jẹ́ Gbagyi, ìbáà jẹ́ Igbo. Àwọn Mùsùlùmí máa ń pín ẹran Iléyá sí mẹ́ta, fún ará ilé, fún ará àti ọ̀rẹ́, fún aláìní. Ẹni tó lọ sí ìrìn àjò gan-an, wọ́n á tọ́jú tirẹ̀ pa mọ́. Tí ẹnì kan bá jẹ itan adìyẹ mẹ́rin tí ẹlòmíràn ò sì rí ọrùn jẹ, ìjà lè ṣẹlẹ̀. Àgbàlagbà á pe olójúkòkòrò yẹn, á bá a wí níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá sùn wákàtí mẹ́sàn-án tí ẹlòmíràn sì sùn mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó sùn mẹ́ta yẹn gan-an la máa yìn pé ọmọ gidi ni, aya gidi ni, kì í sùn. Oríyìn yẹn ló ń dùn mí jù. Ó ń dùn mọ́ ẹni tí wọ́n fi ń yìn létí débi pé kò ní lè sọ pé ó ti rẹ òun. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọbìnrin Lágbájá máa ń sùn?

Ká pín oorun. Kò ṣòro. Nílé wa, mo ti bá màmá mi sọ ọ́ nígbà ìsinmi àárín táàmù, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí inú wọn dùn. Mi ò sọ pé, “Ẹ ò jẹ́ kí n sùn.” Ọmọ Yorùbá wo ló máa sọ bẹ́ẹ̀ tí eyín rẹ̀ á pé? Ńṣe ni mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fẹ́ kí ọdún yìí rẹ̀ yín bíi ti èṣí. Ẹ jẹ́ kí a ṣètò rẹ̀.” Mo fi ìwé àjákù yẹn hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ń ka oorun mi?” Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi.

Àdéhùn tí a ṣe ni pé ẹni tó bá kẹ́yìn sùn lálẹ́ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jí láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹran dídín òru Kérésì, torí pé ẹni tó mọ ẹran jẹ lè mọ ẹran dín. Èmi àti màmá á sùn láti aago kan òru dé aago méje. Lẹ́yìn tí a bá ti jẹun ọ̀sán, yàrá kan máa wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n sí tàbí gba àlejò sí, kí ẹni tí oorun bá ń kùn lè lọ síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ o, torí pé oorun ọ̀sán tó bá gùn jù ló ń lé ti alẹ́ sá. Bàbá mi kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ló máa fọ àwo alẹ́. A ò tíì rí i, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ.

Àwọn kan á ní, “Ká ṣọdún wa tán ná, tó bá di January, a ó sùn gbogbo ẹ̀ padà.” Oorun kì í ṣe gbèsè tí èèyàn ń san lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí o bá sùn di ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́ta, aago inú ara rẹ á sún síwájú, á dà bí ẹni tó wọ bàálù lọ sí orílẹ̀-èdè míràn láì kúrò ní Kpakungu. Ọjọ́ Àìkú tí a bá wọlé, kò sí oorun lójú wa títí di aago kan òru. Ọjọ́ Ajé, agogo á lù ní ìdájí. Ẹ̀yin SS3 tí WAEC ń dúró dè, ẹ̀yin lẹ máa jìyà rẹ̀ jù. Ṣé ẹ rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù kejì ọdún tó kọjá? Mátíìsì la ń ṣe, ìdajì kíláàsì ń júwọ́ fún Ọlọ́run pẹ̀lú orí. Olùkọ́ wa béèrè pé ṣé ọdún la lọ ṣe àbí oko la lọ ro. Inú mi ń sọ pé oko ni, sà.

Ẹnì kan ṣì wà tí oorun rẹ̀ kan gbogbo wa, tí kì í sì í ṣe ará ilé wa. Awakọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa gba ọ̀nà Bida, Mokwa, Jẹ́bà, kí a tó dé Ìlọrin, kí àwọn kan tún wá lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìbàdàn. Ọ̀nà yẹn jìn, ọkọ̀ ńláńlá pọ̀ lórí rẹ̀, ọyẹ́ sì ń bo ojú ọ̀nà láàárọ̀. Lásìkò ọdún, awakọ̀ fẹ́ lọ, fẹ́ bọ̀, kó tún fẹ́ lọ, torí pé àkókò yìí ni owó wà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Awakọ̀ tó jí ní aago márùn-ún ìdájí, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti pé wákàtí 17 tí ojú rẹ̀ ti là. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì ní Australia, Drew Dawson àti Kathryn Reid, fi hàn pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti là fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tó ti mu ọtí dé ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kà léèwọ̀ fún awakọ̀. Tó bá pé wákàtí 24, ó ti di ìlọ́po méjì ìyẹn. A kì í wọ ọkọ̀ ẹni tó mutí yó. Ẹni tí kò sùn ńkọ́? Kò rùn, kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì lè kí wa dáadáa.

Wọ́n á ní ó ti jẹ obì. Bẹ́ẹ̀ ni, kaféènì wà nínú obì, ó wà nínú gbàǹja tí àwọn Hausa ń pè ní goro, ó wà nínú kọfí àti nínú ọtí agolo tí àwọn kan nínú wa ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún prep (mo mọ̀ yín). Ṣùgbọ́n obì kì í fúnni ní oorun. Ó kàn ń di oorun lẹ́nu ni. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, gbogbo oorun tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Oorun ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ti tó. Ọkọ̀ tó ń sáré ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, á ti rin ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, tí kò sì sí ẹni tó ń wò iwájú.

Láti 1988 tí wọ́n ti dá àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀, pàápàá láti oṣù Kẹsàn-án lọ. A máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a máa ń yí rédíò padà. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀. Tí ọkọ̀ ilé bá ni, kí ẹni tó máa wà á má ṣe wà lára àwọn tó máa di ẹrù mọ́jú. Kí wọ́n fún un ní ìpín tirẹ̀, kó lọ sùn, kí àwọn yòókù di ẹrù. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ ní Mokwa tàbí Jẹ́bà, kí wọ́n dúró, kí ó sùn díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé “Ìlọrin ò jìnnà mọ́.” Ìlọrin ò ní sá lọ.

Ó wá ku ilé ẹ̀kọ́ wa. Òru tó ṣáájú ọjọ́ ìlọsílé, kò sí ẹni tó ń sùn ní hósítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á máa lu lọ́kà bí ìlù, wọ́n á fi ọṣẹ ìfọyín kun ojú ẹni tó bá sùn, wọ́n á da omi sí bẹ́ẹ̀dì jùnióò. Ní aago mẹ́rin ìdájí, jùnióò yẹn kan náà ló máa fọ ilé ìwẹ̀, ló máa gbé àpótí sínióò dé géètì. Lẹ́yìn náà ó máa wọ ọkọ̀, ó máa dé ilé, màmá rẹ̀ á ní, “O káre, ọmọ mi, wá bá mi gé àlùbọ́sà.” Ẹ̀yin prefect, ẹ̀yin lẹ ni agbára. Ẹ pa iná ní aago mẹ́wàá bíi ti ọjọ́ gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àìsùn, kó jókòó sí ìta, kó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, kó má fi ipá mú ẹni tó fẹ́ sùn.

Àwa náà ní Ẹgbẹ́ Yorùbá, ká má tọ́ka sí ẹlòmíràn nìkan. Alẹ́ ìparí ọdún tiwa, tí a máa ń jó bàtà, tí a máa ń jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò, aago méje alẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ó sì parí lẹ́yìn aago méjìlá. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló gún iyán láti ọ̀sán, àwọn mẹ́rin yẹn náà ló fọ ìkòkò di aago méjì òru. Mo ti kọ àbá sílẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Kí ètò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó parí ní mẹ́sàn-án. Kí ẹni tó bá gúnyán má fọ ìkòkò. Ìwé orúkọ àwọn tó máa fọ ìkòkò wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ààyè mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́ta ti kún, ọmọbìnrin sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báírò wà nídìí ìwé náà.